Ọ̀rọ̀ Fàájì Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Fọ́ọ̀mù Ìwáṣẹ́ Méjì

 Mo mọ̀ pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti gbúròó ara wa kẹ́yìn. Òjò ń rọ̀, iná kò sí, ara náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ọ̀rọ̀ fàájì ló kọ́kọ́ jẹ́, kó tó di ohun tó kan mi léegun.

Àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá kí wa láti Òṣogbo. Láti kékeré ló ti ń pè mí ní Bàbá Ìbàdàn, nítorí pé ìgbà ìsinmi nìkan ló máa ń rí mi, Ìbàdàn níbí ni wọ́n sì máa ń mú un wá. Ó ti pé ọmọ ọdún 28 báyìí. Ó ti kàwé jáde, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ nìkan ló kù tí kò tíì rí. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ dání, ó ní òun fẹ́ kí n bá òun wo fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ méjì kan kí òun tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ó mọ ìdí tó fi wá bá mi. Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ọba, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwé ìwáṣẹ́ tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kò lóǹkà. Mo ti rí èyí tí epo pupa ta sí. Mo ti rí èyí tí ẹni tó kọ ọ́ kọ orúkọ gbogbo ìyekan rẹ̀ sí, tó sì gbàgbé tara rẹ̀.

Ìyàwó mi dín àkàrà, ó po ògì. À ń jẹun, à ń ṣàwàdà, mo wá ń sọ fún ọmọ náà bí àwọn bàbá wa ṣe ń wáṣẹ́ láyé òyìnbó amúnisìn. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá jinlẹ̀ a máa lọ bá akọ̀wé ojú pópó, ẹni tó gbé tábìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kalẹ̀ síta. Yóò san owó, akọ̀wé yóò sì bá a kọ lẹ́tà tí yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọ̀gá, mo ní ọlá láti fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ yín," tí yóò sì parí pẹ̀lú "Èmi ni ìránṣẹ́ yín onígbọràn." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó rọra máa rín in, torí pé nígbà tí mo ka lẹ́tà tirẹ̀, gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kà nínú lẹ́tà tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn akọ̀wé ojú pópó ti kú tán, íńtánẹ́ẹ̀tì ló gba iṣẹ́ wọn ṣe.

Orúkọ la kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló rọrùn jù o. Orúkọ ìdílé bàbá ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Aiye", bí àwọn àgbà ṣe máa ń kọ "ayé" kí ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó dé. Bàbá rẹ̀ kò yí tirẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ẹni tó fẹ́ràn àkọtọ́ tuntun, yọ lẹ́tà "i" yẹn kúrò nígbà tó ń fi orúkọ àwọn ọmọ ránṣẹ́ fún ìdánwò WAEC. Bí ìwé-ẹ̀rí kan ṣe ní "Aye" nìyẹn, tí èkejì ní "Aiye". Lójú èmi àti ẹ̀yin, orúkọ kan náà ni. Lójú ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé, èèyàn méjì ni. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó yege nínú gbogbo ìdánwò níbi iṣẹ́ kan, àmọ́ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ "Shola" nínú ìwé kan àti "Sola" nínú òmíràn. Kí ó tó lọ kóòtù lọ búra, kí ó tó kéde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Ọwọ́ mi ni fáìlì rẹ̀ wà. Lẹ́tà kan ṣoṣo, "h"! Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó tún orúkọ rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá pè é.

Ó tún béèrè bóyá kí òun fi àmì sórí orúkọ òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi àmì ohùn ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbìyànjú rẹ̀, fọ́ọ̀mù náà ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ "ọ" onídòó nísàlẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé-ẹ̀rí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ kọ́ ni ojú ogun tí a ó ti ja ìjà yẹn.

Lẹ́yìn orúkọ, ó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà náà. Ní 1967, ó di ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, a di ọmọ Ọ̀yọ́. Ní 1991, a di ọmọ Ọ̀ṣun. Ilé bàbá mi kò fi ibi tó wà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ Ìkìrun náà ni bàbá ọmọ yìí, nítorí náà Ìfẹ́lódùn ni ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó fi máa gbójú sókè, ó ti yan Kwara, torí pé Ìfẹ́lódùn kan wà ní Kwara pẹ̀lú, bí Surùlérè ṣe wà ní Èkó, tó tún wà ní Ọ̀yọ́. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá ṣi ìpínlẹ̀ rẹ̀ yàn ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tó ka ìwé rẹ̀.

Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti béèrè èdè tó gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kọ.

Mo wò ó. Mo ní, "Èdè wo la wá ń sọ láti àárọ̀?"

Ó ní, "Bàbá Ìbàdàn, ṣé ìyẹn náà ṣeé kọ ni? Ta ni kò gbọ́ Yorùbá?"

Ìbéèrè rẹ̀ kò múnú bí mi, ó kàn mú mi ronú ni. Fọ́ọ̀mù kejì yìí jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan tó ń ra ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wá yóò máa lọ sí oko, yóò máa bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà ṣírò owó. Àwọn wo ni yóò bá sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀? Ọmọ yìí gba máàkì gidi nínú Yorùbá ní WAEC, ó lè kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, ó sì lè kà á bí omi tútù. Ohun tó lè gbé e lékè àwọn yòókù ni ó fẹ́ fi pamọ́ yẹn, bí ẹni pé àbàwọ́n ni. Mo ní kó kọ ọ́: mo ń sọ ọ́, mo ń kà á, mo ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́.

Bákan náà ló rí nígbà tí a dé ibi iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé akíkanjú ni òun, pé òun ṣeé fọkàn tán, pé òun lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira. A kì í kọ́ ọmọ wa láti máa fi ẹnu ara wọn yin ara wọn. Ẹlòmíràn la máa ń fi í sílẹ̀ fún, ìyá tó ń kì wá láàárọ̀ tàbí onílù lóde ìnáwó. Nítorí náà, bí fọ́ọ̀mù bá ní kí wọ́n yin ara wọn, ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n máa ń fi yìn ín, ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹran lára. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe láàárín ìgbà tó parí àgùnbánirọ̀ àti ìsinsìnyí. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, òun kàn ń ran Mọ́mì òun lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ni. Mo ní kí ló ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jáde. Ó ní Mọ́mì máa ń ta ọjà àwìn láìkọ ọ́ sílẹ̀. Òun ra ìwé kan, òun kọ orúkọ àwọn oníbàárà 37 tó jẹ gbèsè sí i, òun sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìparí oṣù. Láàárín oṣù mẹ́rin, nínú 412,000 náírà tó wà níta, 350,000 ti wọlé.

Mo ní, "Èyí lo ń pè ní nǹkan kan?"

A pa akíkanjú rẹ́, a kọ 37, 412,000 àti 350,000. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ẹni tó ti ka lẹ́tà ọgọ́rin láti àárọ̀ kò ní rántí ọ̀rọ̀ ìyìn kankan, ṣùgbọ́n yóò rántí ọmọ tó gba gbèsè ìyá rẹ̀ padà.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ wo bóyá ọjọ́ ni fọ́ọ̀mù ń fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ tàbí oṣù, torí pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi oṣù ṣáájú. Ẹ lo àdírẹ́sì ìmeèlì tí ẹ lè pè sókè níwájú àlùfáà. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí lórí fóònù, tó ní òun kò mọ ọmọ náà rí. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí fọ́ọ̀mù. N kò tíì gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, tí wọ́n ti san 1,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ń wá iṣẹ́ aṣọ́bodè tí àyè rẹ̀ kò tó 5,000. Wọ́n kó wọn jọ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí fún ìdánwò. Èèyàn tó lé ní mẹ́wàá ló kú sábẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn níbẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí a fi máa ṣe gbogbo èyí, mo ṣàkíyèsí pé nínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, èyí tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù, àyè ọjọ́ ìbí ṣì ṣófo. Ó ti fò ó. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Mo ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ti ju ọdún 26 lọ má ṣe dá ara rẹ̀ láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín. Ìgbà mẹ́ta ni ọmọ yìí jókòó sí ìdánwò JAMB kí ó tó rí àyè. Ó wọ yunifásítì ní 2017 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin. Ní 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta di oṣù Kejìlá. Ní 2022, wọ́n tún yanṣẹ́ lódì láti oṣù kejì di oṣù kẹwàá. 2023 ló jáde. Ọdún méjì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìkéde yìí tún wá fẹ́ jẹ ẹ́ níyà lé lórí.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Lẹ́yìn tí a kíra, tí mo béèrè àlàáfíà ilé, Àǹtí mi kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ti sọ fún ẹ? Lọ́jọ́ Ajé, kí o mú un lọ sí kóòtù. Ọdún méjì péré la fẹ́ rẹ́ kúrò. Ọkùnrin ilé ni ọ́, ìwọ ni wàá bá a búra pé 1999 la bí i."

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò lè búra irọ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ìgbà wo lo dẹni mímọ́? Ta ló bá ìwọ búra ní 1981?"

Ọmọ náà gbójú sókè wò mí. Ìyàwó mi, tó ń kó àwo, wọ inú ilé ìdáná lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Òótọ́ ni. 1957 ni wọ́n bí mi. Ní 1981, iṣẹ́ tí mo wá ní kí ẹni tó bá ju ọdún 22 lọ má wá. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Àbúrò bàbá mi bá mi lọ sí kóòtù, ó búra pé 1960 ni wọ́n bí mi, mo sì wọṣẹ́. N kò lè wá pa irọ́ kejì báyìí kí n ní irọ́ yẹn kò ṣe mí láǹfààní. Òun ló gba iṣẹ́ náà fún mi. Owó iṣẹ́ yẹn ni mo fi kọ́ ilé tí a jókòó sí, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Ohun tí mo lè sọ fún ọmọ náà ni ohun tí ó gbà lọ́wọ́ mi.

Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi, 1959 ni wọ́n bí i, kò sì rẹ́ nǹkan kan kúrò nínú tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti búra, nínú ìwé, ó di ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jẹ́ nílẹ̀ wa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo pé ẹni ọgọ́ta ọdún ní 2017, n kò lè ṣe é lójútáyé, torí pé gbogbo ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ mọ̀ mí sí ẹni ọdún 57. Ìyàwó mi se ìrẹsì, a tilẹ̀kùn, a jẹ ẹ́. Ní 2019, àbúrò mi ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹbí. Ọ̀gá mi àtijọ́ kan wá síbẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín mà mọ ayẹyẹ ṣe o." Kí n tó ronú, mo ti ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ìṣẹ́jú kan náà ni ọlọ́jọ́ìbí dé, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi nínú agbádá rẹ̀, tó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá wo èmi, ó wo òun. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé ọdún mẹ́ta tí mo rẹ́ yẹn kò fi ọjọ́ kan kún iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ọba tàbí tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé, ó di dandan kó fẹ̀yìn tì. 2016 ni mo pé ọdún 35. Ì bá à jẹ́ 1957, ì bá à jẹ́ 1960, ọdún kan náà ni n bá kúrò.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọ náà, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Àǹtí mi ní, "O ti jẹ tìrẹ, o wá ń fi ẹnu nu." Ó pa fóònù. N kò rí èsì kankan fún un, n kò tíì rí títí di ìsinsìnyí.

Mo sọ fún ọmọ náà pé n kò ní bá a búra, ṣùgbọ́n pé n kò ní bá a bínú bó bá rí ẹlòmíràn tó lè bá a ṣe é. Kò dá mi lóhùn. Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó tẹ àyè ọjọ́ ìbí yẹn. Ọdún ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka sọ̀ kalẹ̀: 2003, 2002, 2001, 2000, 1999. Ibẹ̀ ló parí sí. Ó gbìyànjú kó tún sọ̀ kalẹ̀ sí i, kò lọ.

Ó ní, "Bàbá Ìbàdàn, wọn ò tiẹ̀ kọ ọdún tèmi síbẹ̀."

Ìka rẹ̀ wà lórí 1999 fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti fọ́ọ̀mù náà pa, ó mú àkàrà kan tó ti tutù, ó sì ṣí fọ́ọ̀mù àwọn aláàgbàdo.

Òun la ṣe di alẹ́. Wọn kò béèrè ọjọ́ orí níbẹ̀. Mo ní kó ka lẹ́tà rẹ̀ sókè sí mi létí, gbólóhùn tí èémí rẹ̀ kò bá gbé ká gé e sí méjì. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ló tó fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìmeèlì dé pé wọ́n ti rí i gbà, àwọn yóò pe ẹni tó bá yẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó padà sí Òṣogbo lọ́jọ́ Àìkú. Láti ìgbà náà mo ti pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ìyàwó mi dín àkàrà tuntun fún ọmọ náà pé kó mú un fún un. Ọmọ náà ní ó jẹ ẹ́ tán, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.